Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Kòkòrò Lórúkọ

Ìyá àgbà tí a wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kumasi kò tíì jẹ́ kí a sinmi tó fi mú wa lọ sí ọgbà ilá rẹ̀ lápá Fumesua. Nkruma ni àwọn Asante ń pe ilá. Ewé rẹ̀ ti lu bí ajọ̀. Kòkòrò kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì wà lábẹ́ ewé. Bí ọmọ wa ṣe nawọ́ sí i, ó fò fìrì.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ìwé ń pe èyí?” ni Màmá bi wá.

Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀kan wà nínú àwọn kòkòrò ajẹwé-ilá tí àwọn onímọ̀ kan ń pè ní Podagrica sjostedti, tí àwọn mìíràn ń pè ní Nisotra sjostedti. Kòkòrò kan náà ni. Martin Jacoby, olórin ọmọ Jámánì tó gbé ní London, ló fi orúkọ Yngve Sjöstedt, ará Sweden tó kó kòkòrò jọ ní Cameroon, sọ ọ́. Orúkọ àbísọ yẹn kò yí padà. Agbo ilé tí wọn yóò kà á mọ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀, nítorí irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló ń gbé àìsàn tó ń mú kí ewé ilá ní àbàwọ́n káàkiri oko. Ẹni tó bá mọ orúkọ kan ṣoṣo lè má rí ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sábẹ́ èkejì.

Kí irú iyàn bẹ́ẹ̀ tó parí, àwọn onímọ̀ máa ń padà sí òkú kòkòrò tí ẹni àkọ́kọ́ yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sínú àpótí, wọn a sì ka ìwé pélébé tó wà lára abẹ́rẹ́ náà. Ìṣòro ni pé ìwé àtijọ́ lè kọ “Gold Coast”, orúkọ Gánà kó tó di 1957, tàbí “Guinea” lásán, tó gba etíkun gbọọrọ. Kumasi fúnra rẹ̀, “abẹ́ igi kum”, Coomassie ni àwọn òyìnbó ń kọ ọ́. Láàárín 1786 sí 1797, Palisot de Beauvois, ará Faransé, kó kòkòrò ní Warri àti Benin, ní Haiti àti ní Amẹ́ríkà, ó sì kó gbogbo wọn sínú ìwé kan. Ẹni tó bá ń lo ìwé náà gbọ́dọ̀ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ìhà wo nínú òkun lo ti wá?

Lálẹ́, Màmá mú fọ́tò kan jáde: ọmọdé márùn-ún níwájú ilé kan. Kò sí ohun kan tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ Yorùbá fi Kumasi sílẹ̀. Màmá wà lára wọn kó tó padà wá. Òun nìkan ló ṣì mọ àwọn ọmọ inú fọ́tò náà.

A kọ orúkọ wọn, àdúgbò náà àti ọdún náà bó ṣe ń dárúkọ wọn. Ọmọ wa sì mú kòkòrò kan sínú ìgò, ó kọ ọ́ sí i lára: Fumesua, ọgbà ilá Màmá, àti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ yí fọ́tò ilé yín wò lẹ́yìn lónìí, kí ẹni tó mọ̀ tó lọ.