Tẹ́tẹ́ tí Minnesota ta lórí Park

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé owó Minnesota Twins lórí Park Byung-ho jóná, ẹ gbọ́ ná.

Ní bésíbọ́ọ̀lù Kòríà, home run 53 ló gbá ní 2015. Twins dá $12.85 mílíọ̀nù kí wọ́n tó lè bá a dúnàádúrà. Kíláàbù ẹ̀ ló kó ìyẹn o! Àdéhùn tiẹ̀, $12 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin.

Ní 2016, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yá jù fún un lóòótọ́. Síbẹ̀, home run 12 nínú eré 62! Ni wọ́n bá dá a padà sí líìgì kékeré ní Rochester. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi nígbà 103 lọ́dún yẹn, kí ló ń kán wọn lójú?

Wọn ò pè é padà rárá ní 2017. Ó fi owó tó kù sílẹ̀, ó gbalé lọ.

2018, ní Kòríà: home run 43.