Okùn Agódóńgbó: Yíyan Ohun Èlò àti Lílò Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Àwọn tí ń kọ́ agódóńgbó mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni tó gun ọmọ ẹṣin fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ rẹ̀ a dúró láàárín pápá, a di okùn gígùn kan mú, ẹṣin náà a sì máa yí i ká. Lórí okùn yìí ni agódóńgbó ti ń kọ́ ohùn olùkọ́, ìrìn tó gún régé àti ìdúró. Lórí rẹ̀ náà ni a ti lè ba ẹnu, ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin kan wà tí a mọ̀ sí Spanish Riding School. Gbọ̀ngàn rẹ̀ tí wọ́n parí ní ọdún 1735 ṣì wà ní lílò dòní, àjọ UNESCO sì ka ọgbọ́n ìgunṣin ibẹ̀ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ọmọ ènìyàn ní ọdún 2015. Wọn kì í kánjú níbẹ̀. Akọ ẹṣin Lipizzaner a ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 4 kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, orí okùn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Gígùn okùn náà kò gbọdọ̀ dín ní mítà 7 sí 8. Òwú tí a hun pẹlẹbẹ dára ju náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí náílọ́ọ̀nù a máa bó ọwọ́ bí ẹṣin bá fà á lójijì. Ìdí nìyí tí ìbọ̀wọ́ fi ṣe dandan. Ṣíṣẹ́ ni kí a ṣẹ́ okùn náà po sí àtẹ́lẹwọ́. A kì í wé e mọ́ ọwọ́, kí ẹṣin tó bá sá má baà wọ́ ènìyàn nílẹ̀ lọ.

Ibi tí a so okùn mọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí a bá so ó mọ́ ìjánu tààrà, gbogbo fífà ọwọ́ olùkọ́ ni irin yóò máa gbé dé orí ahọ́n àti ẹ̀rìgì. Ẹnu tó bá ti yigbì kì í gbọ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mọ́. Èyí tó yẹ ni ìdèmú tí òyìnbó ń pè ní cavesson, tí a fi ohun rírọ̀ tẹ́ nínú, tó sì ní òrùka lókè imú. Òrùka àárín ni a ń so okùn mọ́, kí ó lè jẹ́ imú ni yóò gba àṣẹ. Bí ìdèmú náà bá tóbi jù, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa yí wọ ojú ẹṣin.

Pàṣán gígùn wà fún títọ́ka sí ọ̀nà ìdí ẹṣin, kò wà fún nínà. Ọ̀já tí a ń dì mọ́ àyà ń mú kí ara agódóńgbó mọ́ ọn lára kí gàárì tó dé. Okùn ẹ̀gbẹ́ tó so ọ̀já mọ́ ìjánu ni ó yẹ kó kẹ́yìn, gbẹ̀rẹ̀ ni kí a sì kọ́kọ́ so ó. Ẹni tó bá fún un kí ọrùn ẹṣin lè tètè tẹ̀ yóò rí ẹwà ojú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹṣin náà yóò le gbagidi.

Yíyí nínú àyíká tó há ń ni oríkèé ẹsẹ̀ tó ṣì ń dàgbà lára. Kí àyíká náà fẹ̀ tó mítà 15 sí 20, kí ẹ̀kọ́ má ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ, kí a sì pín in dọ́gba sí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlú tí ẹṣin jẹ́ agbára ogun rẹ̀, oyè Olókùn-ẹṣin wà láàfin. Orúkọ oyè náà kò dá lórí gàárì tàbí eré sísá. Okùn ni ó dúró lé, nítorí ẹni tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹṣin wà ní ìtọ́jú rẹ̀. Bí agódóńgbó bá ń jà lórí okùn, kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ ohun èlò wò, kí ó yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò, kí ó tó bínú sí ẹṣin.