Àyè Mìlímítà Kan

Ìjàpá bàbá wa, Volkswagen 1978 tí wọ́n tò ní Èkó, ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí àwa ọmọ méjì tó ní ká tún un ṣe. A tú master bíréèkì rẹ̀, a fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, torí pẹtiróòlù máa ń ba rọ́bà jẹ́. A pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀, a fa afẹ́fẹ́ jáde. A tẹ bíréèkì, ó le koko.

A ò tíì rìn jìnnà tó fi ń di mọ́tò mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Wíìlì gbóná bí ààrò. A tún un tú lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tá a bá ń wá bug níbi tí kò sí. A bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ra wa.

Bàbá, tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe é, wò wá títí. Ó ní: "Ẹ fún un... láyè."

Òótọ́ ni. A ti sún ọ̀pá tó ń ti piston mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, rọ́bà wá dí ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà. A fi àyè bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Mọ́tò ń yí geere.

Ní báyìí, bí Bàbá bá ń wá ọ̀rọ̀, a kì í bá a parí rẹ̀ mọ́. A máa ń dúró.