Àwọ̀ Tó Gbòde àti Iṣẹ́ Àwọ̀ Nínú Ṣáàtì

Gígùn òpó inú ṣáàtì ń sọ iye. Àwọ̀ rẹ̀ ń sọ ohun tó ni iye náà. Ohun tí àwọ̀ wọn bá jọ, ojú á kà wọ́n sí ọmọ ìyá kan náà. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀, ojú á yà á sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ àwọ̀ ṣáàtì ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí ṣáàtì ń sọ.

Ní ọdún 1858, Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán nípa ikú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea. Búlúù ló fi ṣe àwọn tí àrùn tó ṣeé dènà pa, pupa ni ti àwọn tí ọgbẹ́ ogun pa, dúdú ni ti ikú yòókù. Búlúù yìí gbilẹ̀ débi pé ẹni tó bá ṣíjú wò ó ti mọ̀ pé àrùn pa wọ́n ju ìbọn lọ. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì níṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọ̀ tó gbòde ń gbà wọlé. Láti ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ Pantone ní Amẹ́ríkà ti ń yan àwọ̀ ọdún: Viva Magenta ní 2023, Peach Fuzz ní 2024, Mocha Mousse ní 2025. Àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń ṣe ọ̀dà a máa tẹ̀ lé e, kì í sì í pẹ́ kó tó dé inú ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́. Àwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa kó ẹlẹgbẹ́ tó bá a mu dání, bí gèlè ṣe ń bá aṣọ mu. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ẹbí ń wá ìjọra; ìyàtọ̀ ni ṣáàtì ń wá. Àwọ̀ márùn-ún tó rẹ́ra wọn lára ògiri lè di ìlà márùn-ún tí ojú kò ní lè tọpa.

Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìlànà WCAG fún ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin àwòrán tó gbé ìtumọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 3 sí 1, ó kéré tán. Peach Fuzz lórí funfun kò ju bíi 1.6 lọ, òpó tí wọ́n fi kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mocha Mousse lé ní 3, ó sì hàn. Àwọ̀ méjèèjì ló gbòde, ọ̀kan ló lè dá dúró lórí bébà.

Cynthia Brewer, onímọ̀ nípa yíya máàpù ní Amẹ́ríkà, pín àkójọ àwọ̀ sí mẹ́ta. Iye tó ń ti kékeré lọ sí ńlá ń fẹ́ àwọ̀ tó ń dúdú sí i. Èyí kò ṣàjèjì sí aláró: aṣọ tó kọ́kọ́ wọ ìkòkò á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di àyìnrín, bó ṣe ń wọlé tó ń jáde ló ń dúdú sí i, títí ojú á fi mọ èyí tó pẹ́ nínú aró. Iye tó ní àárín ń fẹ́ àwọ̀ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra, bíi búlúù àti pupa tí Ed Hawkins, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, fi ṣe ìlà ooru ayé ní 2018. Ẹ̀yà tí kò sí àgbà láàrin wọn ń fẹ́ àwọ̀ tó yàtọ̀ gédégédé.

Àwọ̀ òṣùmàrè náà gbòde rí láàrin àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Yẹ́lò rẹ̀ a máa tàn ju àwọn yòókù lọ, á sì dá ààlà síbi tí kò sí ààlà. MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2014. Ní 2017, àkójọ àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní viridis di èyí tí Matplotlib, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya ṣáàtì, ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn. Viridis ń mọ́lẹ̀ sí i ní ìtẹ̀léra, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ sì lè kà á. Láàrin àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti Àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 12 ló ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ọdún ṣì ní àyè tirẹ̀. Bí òpó yòókù bá jẹ́ àwọ̀ eérú, tí àwọ̀ tó gbòde sì wà lára ọ̀kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ dá lé, ojú á lọ síbẹ̀ tààrà. Fọ́tòkọ́pì aláwọ̀ dúdú àti funfun ló máa dán an wò: bí ìyàtọ̀ bá ṣì hàn lórí ẹ̀dà náà, kí àwọ̀ náà máa wọlé.