Máàpù Òkè Oníná Létí Òkun

Bí ọmọ yín ní Bódìjà tàbí Agbowó bá rí máàpù Nàìjíríà tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 1961 nínú àpótí bàbá àgbà, ẹ ní kí ó wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Yóò rí òkè gíga kan létí òkun níbẹ̀, tí kò sí nínú máàpù Nàìjíríà òde òní. Òkè Kamẹrúùnù ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso agbègbè náà pọ̀ mọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò ní oṣù kejì ọdún 1961 pé Kamẹrúùnù ni àwọn ń bá lọ.

Bí a bá na okùn tààrà láti Ìbàdàn dé Buea, ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, yóò tó nǹkan bí 430 máìlì. Gíga rẹ̀ ju 13,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Òkè tiwa, Màpó àti Mọ́kọ́lá, òkúta àtayébáyé ni wọ́n, iná kì í jáde níbẹ̀. Tọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń jọba níbẹ̀, Max Moisel ya máàpù ilẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1910. Ìwọ̀n ìka kan lórí bébà dúró fún 300,000 irú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ni ó kó jọ, tí ó so ọ̀nà tí oníkálukú gbà mọ́ra wọn. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé, ó fi í sílẹ̀ ní funfun. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lára iṣẹ́ náà, nítorí kò parọ́. Ta ni ìbá sì rin gbogbo igbó yẹn tán? Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè náà, òjò ọdún kan ju mítà mẹ́wàá lọ, ìyẹn ju ìlọ́po méje ti Ìbàdàn.

Iná pàápàá a máa tún máàpù náà yà. Ní 1922, òkúta yíyọ́ ṣàn dé inú òkun ní Bibundi, ó sì bo oko ńlá mọ́lẹ̀. Ní 1999, ó dí ọ̀nà tí ó ti Limbe lọ sí Idenau nítòsí Bakingili, a sì ní láti kó àwọn ará abúlé náà kúrò nílé. Òkè náà tún yọ iná ní 2000 àti 2012.

Òkúta yíyọ́ a máa wá ìsàlẹ̀ bí omi. Nítorí náà, lórí máàpù tí ó ní ìlà gíga ilẹ̀, ibi tí ìlà bá ti sún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ wọnú síhà orí òkè, àfonífojì ni. Ìyá tí ó kọ́lé sí Bakingili kò ní béèrè orílẹ̀-èdè tí máàpù kọ sórí òkè náà. Àfonífojì tí ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá.