Ọmọ Mushin lọ sí Orílẹ̀-Òwu kó lè ta oko kòkó bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn

Ìlú tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tó bá kàn ń kọjá lọ a máa rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn ṣe ń ro Orílẹ̀-Òwu nìyẹn, títí kan àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìlú àwọn nìyẹn, wọ́n á dárúkọ ẹ̀ níbi òkú ṣíṣe, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n débẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀, ìlú ọ̀hún kò jìnnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Ìkirè àti Apòmù tí gbogbo awakọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kì í yà síbẹ̀, àfi ẹni tó bá ní nǹkan í ṣe.

Ọkùnrin ẹni ọdún 46 kan tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Mushin, l'Ékòó, ní nǹkan í ṣe níbẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2024. Oko kòkó ló fẹ́ẹ́ lọ tà. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún 2022, òun sì ni dáwódù. Àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta ti bá oníbàárà sọ ọ́, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n wọn kàn lọ gba ìbuwọ́lùwé àwọn àgbà ẹbí wá ló kù. Òun náà kò kọ̀ ọ́, torí nǹkan ò rọgbọ. Lánlọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wọ yunifásítì, ẹni tó bá ní ọmọ ní yunifásítì láyé ìsinyìí ló mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an sì ni gbogbo ayé ń wá kòkó kiri. Ghana àti Côte d'Ivoire, àwọn orílẹ̀-èdè méjì tó ń kó kòkó jáde jù láyé, kò rí ìkórè gidi, òjò ṣe ségesège, àrùn kọ lu igi, ọ̀pọ̀ igi ọ̀hún sì ti darúgbó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ti ju 10,000 dọ́là lọ, ohun tí ojú ò rí rí. Àwọn tí kò lè dá ewé kòkó mọ̀ yàtọ̀ sí ewé obì náà ń wá oko rà.

Bó ṣe gbéra ní Mushin nìyẹn láàárọ̀ kùtù, ó wọkọ̀ ní Berger, ó dé Ìbàdàn, ó wọ òmíràn, wọ́n kọjá odò Ọ̀ṣun, ó di Ìkirè. Àwọn olùtà sáré bo mọ́tò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, dòdò Ìkirè lọ́tùn-ún, dòdò Ìkirè lósì. Ẹ̀yin náà mọ kinní ọ̀hún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú, tí wọ́n wá mọ. Oúnjẹ tí wọn ò bá fi ọgbọ́n dín ni, ààtàn ni ì bá gbà á. Ó ra díẹ̀ dání fún àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó wà nílé, ìyá tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, tó sì jẹ́ pé òun ló ń mójú tó oko ọ̀hún.

Bí mọ́tò kejì ṣe yà kúrò lójú títì ni ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Igi kòkó, ọ̀pẹ, obì, igbó díẹ̀, ilé mélòó kan, ó tún di igbó. Wọ́n sá kòkó sórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òórùn rẹ̀ kíkan bíi ti ọtí wọnú ọkọ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ló ń gba Orílẹ̀-Òwu já sí ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n pàdé.

Ohun tó kọ́kọ́ bá ọkùnrin yìí lẹ́rù nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké, kò sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pe èrò. Ẹ lè gbọ́ ìgbálẹ̀ tí ẹnì kan fi ń gbálẹ̀ ní ojúlé kẹta. Kò sì rìn ju ìṣísẹ̀ ogún lọ tí bàbá kan tó jókòó síwájú ilé fi pè é pé, “Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?” Kó tó dáhùn ni bàbá ọ̀hún ti dárúkọ bàbá rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gbé ilé kan náà ní Mushin, ẹni tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ọ̀run ni abúlé. Iná kò dúró. Tí ènìyàn bá fẹ́ fi fóònù pe Èkó, ó ní ibi kan pàtó tí yóò lọ dúró sí. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní títì pa, àwọn tó ni wọ́n wà n'Íbàdàn, l'Ékòó, ní London, ọdún iléyá tàbí Kérésì nìkan ni àgádágodo yóò ṣí. Tí àìsàn ńlá bá kọ lu arúgbó lóru, ìyẹn ìjàngbọ̀n gidi. Àwọn ọ̀dọ́ rí gbogbo èyí, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Kò sì yàtọ̀ sí bó ṣe rí níbòmíràn láyé. Ní Brazil, níbi tí kọfí àti kòkó ti sọ àwọn ìlú oko di ọlọ́rọ̀ nígbà kan, ètò ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn, bíi 87 ló ń gbé ìgboro. Ìlú kéékèèké ibẹ̀ náà ń dákẹ́ ni, àwọn arúgbó jókòó síwájú ilé, àwọn ọmọ wà ní São Paulo.

Lálẹ́, lẹ́yìn tí ìyá ti jẹ dòdò díẹ̀, ó ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o ò kúkú wá kí mi lásán. Kí lo bá wá?”

Ó sọ ọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, àwọn àbúrò mi ló ní ká ta oko yẹn. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí.”

Ìyá ò pariwo. Ó dákẹ́ títí, ó wá bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ sọ ìtàn Òwu fún un rí. Ó ní ó sọ díẹ̀. Ìyá ní, “Díẹ̀ yẹn ni ìṣòro yín.”

Ìtàn tí ìyá sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Òwu kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ láyé àtijọ́. Ọmọ ọmọ Odùduwà ni Olówu àkọ́kọ́, òun ni wọ́n ń pè ní Asunkúngbadé, ọmọdé tó sunkún títí wọ́n fi gbé adé lé e lórí. Ogun rẹ̀ le, àdá ni wọ́n fi ń jà, wọn kì í sì í sá. Ọjà Apòmù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Àwọn olórí ogun Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá àwọn dá a dúró, Òwu sì kọ lu Apòmù àti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n wà lábẹ́ Ifẹ̀. Ifẹ̀ gbẹ̀san, kò rọ́wọ́ mú. Nígbà tó yá ni ìjà ataare tún ṣẹlẹ̀ ní ọjà Apòmù kan náà, láàárín ará Ìjẹ̀bú àti ará Òwu. Wọ́n ní iye rẹ̀ kò pé. Ataare lásán! Òun ló kó Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pọ̀, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, àdá ló wà lọ́wọ́ Òwu.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dó ti ìlú ọ̀hún ní nǹkan bíi 200 ọdún sẹ́yìn, láàárín 1820 sí 1825 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀. Ebi pa ìlú débi tí wọ́n fi ń jẹ pópóńdó, ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí oúnjẹ nígbà yẹn. Nígbà tí ìlú fọ́, àwọn kan sá lọ sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ wọn sì bá Ẹ̀gbá lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní nǹkan bíi 1834. Àwọn tí ọwọ́ bà lójú ogun àwọn àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tà kọjá òkun, sí Bahia ní Brazil àti sí Cuba.

Àwọn tó ṣẹ́gun kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ Òwu mọ́ láéláé. Wọ́n lè dáko níbẹ̀, kí ilé má ti sí. Ìgbà tó ti pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Òwu tó padà tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá ti gbójú sókè wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní, “Ìbọn ni wọ́n fi lé wa nígbà yẹn, a sì tún padà wá. Bírò lẹ̀yin fẹ́ fi lé wa báyìí. Ẹni tí bírò bá lé, ibo ni yóò gbà padà?”

Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi ariwo Mushin sùn, ìdákẹ́jẹ́ òru ọjọ́ yẹn ò jẹ́ kó dijú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá ló ń dún padà létí rẹ̀.

Nílẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sóko. Ọkùnrin kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Benue ló ń bá wọn tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ń pín èrè rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, òun ń mú ìdá kan. Ó ti ka kòkó, ó ti fọ́ ọ, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kó lè kan fún ọjọ́ bíi mẹ́fà kó tó sá a. Ìyá tọ́ka sí àwọn igi kan lápá ọ̀tún, ó ní ọdún 1978 tí wọ́n bí ọ ni bàbá ẹ gbin ìwọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n délé, ó yọ ìwé kékeré kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìwé ìṣirò kòkó bàbá ni. Gbogbo àpò tó tà, gbogbo ohun tó fi owó ẹ̀ ṣe, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Òun rèé lọ́dún 1986 tí ìjọba pa bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó rẹ́, òun rèé láwọn ọdún tí kòkó ò pé. Ó wá kan ọdún 1999, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Àpò mẹ́ta. Owó irinṣẹ́ ọmọ mi l'Ékòó.”

Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ọkùnrin yìí ti ń sọ fún ènìyàn pé òun fi làágùn òun ra irinṣẹ́ òun ni. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un nígbà yẹn pé ọ̀gá kan ló yá òun lówó.

Ó lọ dúró síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ pé òun ò ní lè bu ọwọ́ lùwé. Ìjà ńlá ni. Obìnrin inú wọn sunkún, èyí tó tẹ̀ lé e dákẹ́, àbíkẹ́yìn ní kí ẹ̀gbọ́n òun kó owó toun wá nígbà náà. Wọ́n wá fi àdéhùn kan sí i pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa pín ohun tí oko bá mú wá, àti pé fún ọdún méjì, ìpín dáwódù yóò máa lọ fún àbíkẹ́yìn. Owó iléèwé ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló lọ yá a, ó sì ń san án títí dòní.

Tó bá jẹ́ sinimá ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Àmọ́ lọ́dún 2025, owó kòkó já wálẹ̀ gan-an lọ́jà àgbáyé. Àbíkẹ́yìn fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? À bá ti tà á nígbà tó gbówó lórí.” Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì bá a jiyàn, ó kàn ní nígbà tí bàbá àwọn ń fi àpò mẹ́ta ra irinṣẹ́ fún òun, kòkó ò gbówó lórí náà. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, àárín àwọn méjèèjì kò tíì dán mọ́rán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni dáwódù ń lọ sí Orílẹ̀-Òwu báyìí, ó sì mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n òun náà sùn débi pé ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ kó tó jí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nígboro, torí oko bàbá pọ̀ nílẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń dá owó rẹ̀ ná kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Tí ọmọ kan bá dá a tà láìsọ fún olórí ẹbí, òfin ò ka ìtajà yẹn sí rárá. Bí olórí ẹbí náà bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà tó kù mọ̀ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Ẹni tó rà á á máa sunkún, ẹni tó tà á á máa sá kiri. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tó mọ ààlà oko ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, orí ni wọ́n kó o sí. Tí ẹ bá ní irú oko bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ lọ síbẹ̀ kí àwọn àgbà yín tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ààlà hàn yín, kí ẹ sì béèrè ohun tí owó oko ọ̀hún ti ṣe rí. Tí títà bá wá tọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ná, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.