Mìlímítà 67 Láàárín Ìlaró àti Pobè

Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni mo fẹ́ fún Bàbá, ẹ̀bùn náà ló sì dójú tì mí. Mo bẹ ẹnìkan tó ń ti Paris bọ̀ wá sí Libreville pé kó bá mi ra kóòṣì kan, irú àwọn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí àwọn àgbàlagbà òyìnbó máa ń tò sórí tábìlì. Mo fi fọ́tò ọkọ̀ tí Bàbá ní ránṣẹ́ sí i, ó ra èyí tó jọ ọ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nígbà tí a gbé e lé orí irin Bàbá nílé rẹ̀ ní Owendo, kò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀tún tòsì bọ́ sáàárín irin méjèèjì, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ọmọ adìyẹ tó já sí kòtò. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, N lo rà. H0 ni tèmi. Ṣé o ò wo lẹ́tà tó wà lára páálí ni?"

Mi ò wò ó. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n wò.

Bàbá kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ọmọ Pobè ni, ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ Ìlaró ni èmi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ọdún tí mo ti dé Libreville ni mo ti ń lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ máa ń mú mi rántí ilé. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wà lára àwọn tó tẹ́ irin Transgabonais, rélùwéè tí ìjọba Gabon bẹ̀rẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1975, tó gbéra láti Owendo níbí, tó la igbó kìjikìji já, tó sì dé Franceville ní ọdún 1986. Ó lé ní kìlómítà 600. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá òyìnbó kan tó ń padà sí Faransé fi páálí kan ta á lọ́rẹ: orí ọkọ̀ kan, wágónù mẹ́rin, àti irin tó tó láti yí tábìlì po. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń fi àjẹkù pákó okoumé gbẹ́ téṣàn, afárá àti igi sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣi ẹ̀bùn rà yẹn, ó ṣàlàyé fún mi. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni ìwọ̀n, ìyẹn iye ìgbà tí ọkọ̀ kékeré fi kéré sí ọkọ̀ gidi. Èkejì ni ìbú ojú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. H0 kéré sí ọkọ̀ gidi ní ìlọ́po 87, ìbú irin rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ fi 87 sọ 16.5 di púpọ̀, mìlímítà 1435 ni ẹ óò rí, ìyẹn gan-an sì ni ìbú rélùwéè Gabon. N ní tirẹ̀ kéré sí ọkọ̀ gidi ní ìlọ́po 160, mìlímítà 9 péré ni ìbú irin rẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì lè jọ ara wọn bí ìbejì nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kò lè rin ọ̀nà kan náà láé.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, mo sì rí i pé lẹ́tà ara páálí yẹn tó ohun tí àwọn ènìyàn ń dá ẹgbẹ́ lé lórí. Ní London, Model Railway Club ti wà láti ọdún 1910. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Gauge 0 Guild ní 1956 fún àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ ńlá, 2mm Scale Association ní 1960 fún àwọn tó fẹ́ kínkíní, N Gauge Society ní 1967, àti 009 Society ní 1973 fún àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè tóóró irú èyí tó máa ń wọ inú oko àti ibi ìwakùsà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tí ìwọ̀n ọkọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà tí wọ́n sì pín sí mẹ́ta. Ọkọ̀ gidi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré díẹ̀ sí ti àwọn ará Yúróòpù yòókù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní H0, mọ́tò iná tó wà nígbà náà kò gba inú rẹ̀. Wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi sí i, ó wá kéré sí ọkọ̀ gidi ní ìlọ́po 76, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin sílẹ̀ ní mìlímítà 16.5 tó wà tẹ́lẹ̀. OO ni wọ́n pè é. Ara tóbi, ẹsẹ̀ há. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò gbà: wọ́n fẹ ojú irin tiwọn sí 18.2, àwọn ni EM Gauge Society láti ọdún 1955. Àwọn mìíràn ní irọ́ ṣì ni ìyẹn, pé 18.83 ni òtítọ́, àwọn ni Scalefour Society. Láti orí 16.5 dé orí 18.83, àlàfo náà kò ju ìnípọn owó ẹyọ kan lọ.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ń ya ara wọn nípá nítorí ìnípọn owó ẹyọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi, nítorí pé ibi tí àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ ti pààlà ni èmi àti Bàbá ti wá.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1067 ni ìbú tí wọ́n yàn. Ẹ̀ka kan yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaró kọjá, ó sì parí sí Ìdógò, ní ìhà ibi tí oòrùn ń wọ̀. Lódì kejì ààlà, àwọn Faransé tẹ́ tiwọn láti Porto-Novo, ó sì parí sí Pobè. Mìlímítà 1000 ni ìbú tiwọn. Ẹ wo máàpù: àwọn ìpẹ̀kun méjèèjì kò jìnnà síra wọn, ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni wọ́n wà, àwọn ìyá wa sì ń ná ọjà ara wọn kí òyìnbó tó dé. Ká tilẹ̀ ní ẹnìkan so irin méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ Ìlaró kò lè wọ Pobè. Mìlímítà 67 ló dí i lọ́wọ́. Kò tó ìbú ìka mẹ́rin.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Kí Transgabonais tó dé Moanda, okùn irin tí wọ́n ta sókè ni wọ́n fi ń gbé manganese ibẹ̀ gba ojú òfurufú lọ sí Congo, láti 1962. Rélùwéè Congo, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1067, ló ń gbà á lọ sí èbúté Pointe-Noire. Nígbà tí Gabon ṣe tirẹ̀, 1435 ló yàn. Nàìjíríà náà ti tẹ́ irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1435, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, bẹ́ẹ̀ ni irin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ní 1067. Nínú ilé ẹni náà, ọkọ̀ kan kò lè gun irin èkejì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ London àti àwa ni pé àwọn fúnra wọn ló yan ìbú tiwọn. Àwa, ẹlòmíì ló yàn án fún wa, a sì wá ń gbèjà rẹ̀ bí ẹni pé àwọn baba wa ló fi jogún fún wa.

Bàbá mọ ohun tí mò ń sọ jù mí lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà kọlu Cotonou, ìjọba Kérékou sì fẹ̀sùn kan Gabon pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le títí di oṣù keje ọdún 1978, nígbà tí Ààrẹ Bongo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Benin kúrò ní Gabon. Bàbá wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Ọkùnrin kan láti Ìlaró, tó ń tajà ní Mont-Bouët, mú un sílé. Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà ní àbúrò òun ni, pé ọmọ Nàìjíríà ni. Wọ́n ní kí Bàbá sọ èdè rẹ̀. Ó sọ ọ́, ọkùnrin náà dá a lóhùn, wọ́n sì lọ. Bàbá máa ń sọ pé, "Oṣù keje ọdún 1978 ni mo di ọmọ Ìlaró." Nítorí èyí ló ṣe ń pè mí ní ọmọ rẹ̀.

Lónìí, ẹgbẹ́ méjì ni àwa Yorùbá tí mo mọ̀ níhìn-ín ní. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tí ìwé ìrìnnà wọn jẹ́ ti Nàìjíríà, èkejì jẹ́ ti àwọn tí tiwọn jẹ́ ti Benin. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan kú. Kétu ni bàbá rẹ̀ ti wá, Abẹ́òkúta ni ìyá rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti san owó ẹgbẹ́ kẹ́yìn. Àwọn ará ìhín ní ti ọ̀hún ni, àwọn ará ọ̀hún ní ti ìhín ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni òkú rẹ̀ fi wà ní mọ́ṣúárì kí àwọn ènìyàn díẹ̀ tó dá owó jọ fúnra wọn. Mo wà ní ìpàdé kan nínú àwọn ìpàdé náà. Mo jókòó, mi ò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé kí a da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n yí ọkàn mi padà.

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ FREMO. Ọdún 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ pákó tirẹ̀ nílé. Lórí pákó yẹn, ó lè ṣe odò, ó lè ṣe abúlé, ó lè ṣe igbó. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí pákó rẹ̀ yóò ti kan ti ẹlòmíì ní òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀: bí yóò ṣe ga tó láti ilẹ̀, ibi tí irin yóò ti jáde, ibi tí wọn óò lu ihò bóòtù sí, bí wáyà iná yóò ṣe so. Bí ìpàdé bá dé, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi á gbé pákó wọn wá sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n á so ó pọ̀, ọkọ̀ á sì máa rìn láti orí pákó ẹnìkan dé orí ti ẹlòmíì. Ẹni tó ń lo H0 ní òfin tirẹ̀, ẹni tó ń lo N ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n di ọ̀kan. Ìpẹ̀kun nìkan ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí.

Èrò mi nìyẹn nípa ẹgbẹ́ wa. Kí a jẹ́ méjì kò burú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọdún òmìnira oṣù kẹjọ, kó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ṣe ti oṣù kẹwàá, kó ṣe é. Aṣọ ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà dandan. Ṣùgbọ́n ní ibi tí a ti kanra wa, kí a kọ ìwọ̀n sílẹ̀: bí ẹnikẹ́ni tó ń sọ èdè wa bá kú, ta ni yóò kọ́kọ́ dá owó, èló, láàárín ọjọ́ mélòó, bí ọlọ́pàá bá mú ẹnìkan nítorí ìwé, ta ni yóò lọ síbẹ̀, bí ẹnìkan bá wà ní ọsibítù tí kò ní ará, ta ni yóò gbé oúnjẹ lọ. Ojú ìwé kan péré tó o. Ọkùnrin Ìlaró ọdún 1978 kò nílò ìwé kó tó ṣí ilẹ̀kùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè máa retí pé irú rẹ̀ ni yóò wà nílé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn.

Ní ti Bàbá, kóòṣì N tí mo rà ṣì wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn tó ṣeé dá padà. Èmi náà sì rí nǹkan kan tó dùn mọ́ ọn. Ní New Zealand àti Queensland, níbi tí rélùwéè ti jẹ́ 1067 bíi ti Ìlaró, àwọn kan máa ń kọ́ ọkọ̀ tó kéré sí ti gidi ní ìlọ́po 64, wọ́n sì ń gbé e lé irin 16.5 kan náà tí wọ́n ń tà fún H0. A jọ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé kàlẹ́ńdà: 64 lọ́nà 16.5 jẹ́ 1056. Ó fi mìlímítà 11 dín sí ti Ìlaró, ó fi 56 lé sí ti Pobè. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Àárín wa ló bọ́ sí."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okoumé gbẹ́ téṣàn Ìlaró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí pé àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò rántí, mo ní láti pe ìyá mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pàdé nílé rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe tiwọn. Mo ti tẹ ojú ìwé kan náà sínú fóònù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, n óò sọ̀rọ̀.